Ta Ni Olówó Rẹ? Ọ̀rọ̀ lórí Gbèsè àti Clearance

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ kú ìjókòó. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìyàwó mi ní bí mo bá kọjá ọgbọ̀n, òun á máa lọ sílé. Ẹ ti mọ ẹni tí màá gbọ́ tirẹ̀.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi lọ sí kóòtù. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò ní ilé iṣẹ́ kan tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Èmi ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wá bá bí wọ́n bá fẹ́ kí ìjọba fún wọn láṣẹ láti máa rí àṣírí rẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń pè ní clearance. Clearance náà ni èmi náà á máa pè é. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ṣọkọ fún wa ní Lanham kò pè é ní nǹkan mìíràn: "Ọmọ mi ti gba clearance, wọ́n ti fi owó kún owó ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Níbi tí a ń gbé yìí, ibùdó ológun Fort Meade wà lápá kan, Pentagon tó jẹ́ olú iléeṣẹ́ ológun wà lápá kejì, ibùdó ọmọ ogun òfurufú Andrews sì wà láàárín wa níbí ní Prince George's ní Maryland. Ọmọ Yorùbá tó mọ kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń ṣe ìṣirò owó, bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan lè gbé SF-86, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè clearance, síwájú rẹ̀. Àwọn míì gba ọ̀nà ológun wọlé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò MAVNI ní 2009 fún àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí iléeṣẹ́ ológun nílò, Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Èdè ìyá wa ló kọ́kọ́ wúlò fún wọn. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ wọn di ọmọ onílùú tán ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n pé èló ni wọ́n jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí síwájú: clearance kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 1988, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Egan. Bí wọ́n bá ń bá ọ̀daràn ṣẹjọ́, tí adájọ́ sì ń ṣiyèméjì, wọ́n á dá a sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ clearance, bí wọ́n bá ṣiyèméjì nípa rẹ, wọn ò ní fún ọ. Wọn ò pè ọ́ ní olè. Wọ́n kàn ní àwọn ò lè fi kọ́kọ́rọ́ iyàrá lé ọ lọ́wọ́ ni.

Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní SEAD 4, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2017 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí ọ̀rọ̀ 13 ló wà nínú rẹ̀, láti A dé M. Ọtí wà níbẹ̀, oògùn olóró wà níbẹ̀, àjọṣe pẹ̀lú ará òkè òkun náà wà níbẹ̀. F ni tòní. F ni owó, òun ló sì ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe dé iwájú adájọ́ tó ń dá ẹjọ́ clearance jù lọ.

Èéṣe tí owó fi kan ìjọba? Kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ilé wa ni Yorùbá ti mọ èsì ìbéèrè yẹn. Bí èèyàn bá yá owó láyé àtijọ́, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, tàbí kó fi ara rẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ náà. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí. Bí olówó bá pè é lówùúrọ̀, kò lè sọ pé òun ń lọ sóko ara òun. Ẹni tó bá sì kọ̀ tí kò san, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wá dógò tì í nínú ilé rẹ̀, á máa bú u, á máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí ojú á fi ti gbogbo ẹbí, tí wọ́n á sì dáwó jọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà F, bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀ kúrò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: ta ni olówó rẹ? Ta ló lè pè ọ́ lówùúrọ̀ tí o ò ní lè kọ̀?

Wọn ò fi àfojúinúwò sọ ọ́ o. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ronald Pelton. Fort Meade yìí náà ló ti ṣiṣẹ́ fún NSA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ òkèèrè, ó sì lò tó ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá ńlá. Gbèsè bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1979, ó lọ sí kóòtù pé òun ò lè san án mọ́, ó sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, ó tẹ iléeṣẹ́ aṣojú Soviet ní Washington láago. Kò gbé ìwé kankan dání lọ. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ló tà, títí dórí wáyà abẹ́ òkun tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Soviet. Wọ́n mú un ní 1985, wọ́n dá a lẹ́bi lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Gbogbo owó tó rí gbà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi 35,000 dọ́là lọ.

35,000 dọ́là! Ẹni tí gbèsè credit card rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Mi ò wo ẹnikẹ́ni o.

Aldrich Ames ti CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ni òdìkejì rẹ̀. Òun náà fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ní 1985, ṣùgbọ́n nígbà tí owó Soviet wọlé, ó ra ilé 540,000 dọ́là ní Arlington, owó ọwọ́ ló fi san án, ó sì ń gun Jaguar lọ síbi iṣẹ́ lórí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ní àwọn àna òun ló lówó. 1994 ni wọ́n tó mú un. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà F kì í fi í bi ẹni tí kò ní nìkan. Ó ń bi ẹni tó ṣàdédé ní pẹ̀lú.

Ẹ má bẹ̀rù jù. Kò sí iye kan pàtó nínú ìlànà náà tó jẹ́ pé bí gbèsè rẹ bá ti kọjá á, ó parí. Mo ti rí ẹni tó jẹ 80,000 tó gba clearance, mo sì ti rí ẹni tó jẹ 7,000 tí wọn ò fún. Bí gbèsè ṣe dé ni wọ́n ń wò, àti ohun tó o ṣe nígbà tó dé. Iṣẹ́ bọ́, àìsàn dé, ìgbéyàwó tú, òkú ṣẹlẹ̀, ẹnìkan jí orúkọ rẹ lò láti fi yáwó: ìlànà náà gbà pé irú nǹkan báwọ̀nyí kọjá agbára èèyàn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní dúró síbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, ṣé o pe àwọn tó o jẹ lówó? Ṣé o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gba 50 dọ́là lóṣù? Ṣé o lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè láìwá èrè? Àbí ńṣe lo yí nọ́ńbà fóònù padà?

Àkókò pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó ti ń san díẹ̀díẹ̀ kí ìjọba tó bi í, ìwọ̀n tirẹ̀ wúwo. Ẹni tó dúró dìgbà tí lẹ́tà dé kó tó sáré san gbogbo ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, adájọ́ á bi í pé nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi kí n tó sọ ti ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí tèmi, ìyá arúgbó kan ló wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, irun orí rẹ̀ ti funfun, ó gbé tíì rẹ̀ dání nínú fúláàsì. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa Nàìjíríà, nípa ẹ̀gbọ́n mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Kò bi mí. Ó yí ìwé kan kọjú sí mi lórí tábìlì, ó fi ẹnu bírò tọ́ka sí ìlà kan: 612 dọ́là, owó iná ilé tí mo ti kó kúrò ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n ti fi ìwé owó ìkẹyìn ránṣẹ́ sí ilé àtijọ́, ó sì ti dé ọwọ́ àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ gba gbèsè. Òógùn bò mí. Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ̀ nípa ẹ̀." Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó mu tíì rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ ti wá mọ̀ báyìí." Mo san án ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ 612 dọ́là mọ́ títí dòní.

Ti ẹnì kejì rèé, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó dúró fún ọmọ bàbá rẹ̀ láti fi gba lóònù mọ́tò, Camry kan báyìí. Ẹ mọ bí a ti máa ń ṣe é: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i ni." Àbúrò san án fún oṣù mẹ́jọ, ó kó lọ sí Texas, kò san mọ́. Ilé iṣẹ́ tó yá wọn lówó gba mọ́tò, wọ́n tà á ní gbàǹjo, 9,400 dọ́là sì ṣẹ́kù lọ́rùn ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó dé abala 26 nínú SF-86, fọ́ọ̀mù bi í pé láàárín ọdún méje sẹ́yìn, ṣé wọ́n ti gba dúkìá kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí gbèsè, ṣé gbèsè kan ti pẹ́ ju 120 ọjọ́ lọ láìsan. Ó kọ "Rárá" sí méjèèjì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Gbèsè mi kọ́. Ti àbúrò mi ni." Ojú sì ń tì í láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ bàbá òun ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun.

Gbèsè yẹn ì bá má ṣe é ní nǹkan kan! Ó ní ọ̀nà àbáyọ tó pọ̀. Ohun tó ká a mọ́ ni "Rárá" méjì yẹn. Wọ́n ti ní credit report rẹ̀, ìwé tó ń to gbèsè èèyàn àti bó ṣe ń san án, lọ́wọ́ kí wọ́n tó pè é. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá yóò sọ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kúrò ní lẹ́tà F, ó di lẹ́tà E, ìyẹn ìwà ọmọlúwàbí, níbi tí kò sí ẹni tó lè fi 50 dọ́là lóṣù ṣe àtúnṣe. Òfin àpapọ̀ tilẹ̀ sọ pé irọ́ tí èèyàn bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa nínú fọ́ọ̀mù yẹn lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún márùn-ún. Kò lọ sẹ́wọ̀n o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà lọ.

Níbi tí àṣà wa ti ń ṣe wá ní jàǹbá nìyí. Nílé, a kì í ka gbèsè sí ohun tí wọ́n ń sọ ní gbangba. Ọkọ á jẹ gbèsè, aya ò ní mọ̀. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó fi credit card san án, a ó tún ná dọ́là lójú agbo. Gbogbo wa la gbọ́ "ṣe bó o ti mọ," àmọ́ ta ló fẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀ pé bó ṣe mọ nìyẹn? Bí a bá wá bọ́ síwájú òyìnbó tó ń ṣèwádìí, ẹnu tí a ti fi pa á mọ́ fún ìyàwó náà la ó fi pa á mọ́ fún un. Òun kò sì jọ ìyàwó. Ìwé ló ń kà.

Owó orí. Díẹ̀ ni màá sọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọwọ́ líle ni wọ́n fi mú un ju credit card lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Uber lálẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń dìrun nílé, bí ẹ kò bá kọ ìwé owó orí fún ọdún mẹ́ta, ẹ má wí fún mi pé ẹ ò jẹ nǹkan kan. Kíkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ojúṣe. Ẹni tó fẹ́ ka àṣírí ìjọba tí kò sì ka òfin ìjọba sí, kí ni wọn yóò gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀? Fọ́ọ̀mù 4868 tí ẹ máa ń gbé ṣọwọ́ ní oṣù kẹrin, àyè àtikọ ìwé ló fún yín títí di oṣù kẹwàá. Kò fún yín láyè àtisan. Bí owó ò bá sí, IRS, àjọ tó ń gba owó orí, gbà kí wọ́n pín in sí oṣooṣù, bí ẹ bá sì ń tẹ̀lé àdéhùn náà láìyẹ̀, adájọ́ máa ń kà á sí rere fún yín.

Tó bá kan àjọ, mo mọ̀ pé gbogbo yín ló ń retí ibẹ̀. Àjọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Owó yín náà lẹ kó. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ipele Top Secret, tó ga ju Secret lọ, gbọ́dọ̀ sọ bí owó ńlá tí kì í wọlé tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé wọlé, láti 10,000 dọ́là lọ sókè, bí ogún tàbí owó tẹ́tẹ́. Ẹni tó ń wo àkáǹtì yín kò sì mọ̀ pé 12,000 yẹn ti ti ọwọ́ yín jáde ní 1,000 lóṣù fún ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí olórí àjọ ní ìwé, kí orúkọ àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó gbọ́ pé báǹkì ń kọ̀wé sí ìjọba bí owó ọwọ́ bá ju 10,000 lọ, tí wọ́n wá ń gé e ní 4,000, 4,000, 4,000. Owó yẹn mọ́ tẹ́lẹ̀. Gígé tí wọ́n gé e nítorí kí ìjọba má baà mọ̀ ló di ọ̀ràn lábẹ́ òfin. Mo ti rí i kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ owó àjọ di owó olè.

Ilé tí ẹ ń kọ́ ní Ìkòròdú àti àkáǹtì tó wà ní Èkó, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ìyẹn wọ ọ̀rọ̀ òkè òkun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbèsè, mi ò sì ní wọ inú rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbà á tán, ẹ má sinmi. Tẹ́lẹ̀, Top Secret á lo ọdún márùn-ún, Secret á lo ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n tó tún wádìí. Wọ́n ti pa ìyẹn tì. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ credit yín báyìí láìdáwọ́ dúró. Gbèsè tó bá yọ lọ́jọ́ Ajé lè dé tábìlì ẹni bíi tèmi kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣáájú kọ̀ǹpútà wá bá mi. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ ọ́, lẹ́tà tí mo máa kọ yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá dójú ẹ̀, lẹ́tà kan á dé tí wọ́n ń pè ní SOR, tó ń to ẹ̀sùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbèsè kan, ìlà kan. Ogún ọjọ́ ni òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ní láti fèsì. Ẹ dáhùn ìlà kọ̀ọ̀kan, mo gbà tàbí mi ò gbà, kí ẹ sì so rìsíìtì mọ́ ọn. Ẹ lè ní kí adájọ́ fi ìwé nìkan dá a, ẹ sì lè ní ẹ fẹ́ fojú kojú pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi ni, màá lọ jókòó síwájú rẹ̀, torí ìwé kì í sọ bí ojú èèyàn ṣe rí. Kí gbogbo ẹ̀rí sì pé níbẹ̀. Bí ẹ bá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ̀rí tuntun kò wọlé mọ́.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè, mo sì kọ mẹ́ta sílẹ̀.

Ìyá kan ní ọmọ òun fẹ́ ṣe bankruptcy, ìyẹn kó lọ sọ ní kóòtù pé òun ò lè san gbèsè mọ́, ṣé ó ti parí fún un ni? Mo ní rárá, Mà. Òfin ló fún un láyè. Ṣùgbọ́n kó má rò pé ó ti san gbèsè o. Kóòtù ló bá a gé okùn. Wọ́n á wo ohun tó tì í débẹ̀, wọ́n á sì wo bó ṣe ń náwó láti ìgbà náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní gbèsè òun ti ju ọdún méje lọ, ó ti kúrò lórí credit report, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní kí ó jókòó, kí ó má rẹ́rìn-ín mọ́. Pé gbèsè kúrò lójú ìwé kò sọ pé o san án, àwọn adájọ́ yìí sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó kàn fẹ̀yìn ti ọjọ́ orí gbèsè kò tíì fi hàn pé òun jẹ́ ẹni tó ń mú àdéhùn ṣẹ.

Ìkẹta ni arábìnrin kan, nọ́ọ̀sì ni. Bàbá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun sì ni àkọ́bí. Ó fi credit card mẹ́ta ṣe ìsìnkú. Ṣé wọn ò ní gbà pé òkú kọjá agbára òun? Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Bàbá. Òkú kọjá agbára yín lóòótọ́. Màlúù mélòó lẹ pa?" Ó ní mẹ́ta. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè nu ojú. A jọ jókòó lẹ́yìn ìpàdé, a ṣírò ohun tó lè máa san lóṣù.

Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, ọkùnrin kan tó wọ agbádá dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ìwé kan tó ti ká sí mẹ́rin, etí rẹ̀ ti ń bó. SOR ni. Mo béèrè ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó ṣírò lórí ìka. Ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyẹn. Ó ní ìyàwó òun kò tíì mọ̀. Mo ní kó lọ pè é wá, ká jọ kà á nínú mọ́tò.